Ìwẹ̀ tí Kò Tíì Parí

Omi ti wọlé kí òjò tó rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rú Bọ́sẹ̀dé lójú nìyẹn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú débi pé àwọn ewúrẹ́ sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé dé, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀, ló bá bá omi nínú yàrá tí màmá rẹ̀ ń sùn kó tó kú. Omi náà mọ́ gaara. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, bàtà kan sì ń yí lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Pálọ̀ gbẹ. Yàrá tirẹ̀ náà gbẹ. Ó jáde síta, ó gbójú sókè, kò rí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run Ifangni.

Lọ́jọ́ kejì, òjò wá rọ̀ ní tòótọ́, omi sì gba gbogbo ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbọ́n omi jáde títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Bọ́sẹ̀dé ò da nǹkan kan síwájú, àbí bó ṣe ń sọ fáyé nìyẹn, síbẹ̀ ilẹ̀ tútù ló ń tẹ̀ láti ẹsẹ̀ ibùsùn dé ìdí ààrò.

Ilé alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Ọdún méjìlélógún ni màmá rẹ̀ fi ru gbáàgúdá láti Tchaada wá sọ́jà kó tó kọ́ ọ tán. Bọ́sẹ̀dé ò ní ilé mìíràn láyé. Séraphin, mọlémọlé àdúgbò, wá wò ó, ó fi ìka tẹ ògiri, ìka náà sì rì wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ tí kò tíì dì.

"Madame, ògiri yìí ti mumi dé orúnkún," ló wí. Ohùn rẹ̀ relẹ̀, àfi bíi pé kò fẹ́ kí ògiri gbọ́. "Òjò ńlá kan sí i, ó parí. Inú ilé ni yóò ṣubú sí o, kì í ṣe ìta."

"Kí la fẹ́ ṣe sí i?"

"Bon, kanifó, ojú àgbàrá yìí, ló dí. Ẹ jẹ́ ká ṣí pẹpẹ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi bò ó lẹ́nu ọ̀nà yín, omi á ríbi gbà."

"Kì í ṣe iwájú ilé tèmi ló dí," ni Bọ́sẹ̀dé yára dáhùn. "Iwájú ilé Bàṣírù onígààrí ni. Ọ̀rá gààrí rẹ̀ ló kún ibẹ̀. Mo ti lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní mairie, lọ́dọ̀ ìjọba ìlú."

Séraphin wò ó, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Àdúgbò náà ní ìwà kan tí wọ́n jọ ń hù. Bí òjò bá ti ṣú, kálukú á gbé ìdọ̀tí ilé rẹ̀, á dà á sójú àgbàrá, kí omi gbé e lọ. Níbo ni omi ń gbé e lọ? Ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni. Màmá Bọ́sẹ̀dé nìkan ló máa ń fi ọwọ̀ gbá ojú àgbàrá náà láràárọ̀, láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ibi tí títì ti yà. Láti ìgbà tó ti kú lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó gbá a mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Marthe tó ń ránṣọ lódìkejì títì wá kí i. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ọmọbìnrin yìí ti Cotonou kó dé.

"Táńtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ bá mi kí màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ yín o."

"Màmá wo?"

"Èyí tó máa ń gbá etí kanifó láàárọ̀. Àdìrẹ ni wọ́n máa ń ró, etí rẹ̀ kì í sì í gbẹ. Lánàá mo bi wọ́n bóyá kí n bá wọn pọn omi ìwẹ̀. Wọ́n ní rárá, omi pọ̀. Kànrìnkàn làwọn ń retí." Marthe wo ẹ̀yìn, ó sún mọ́ ọn. "Wọ́n ní àwọn ò tíì wẹ̀ tán."

Ẹ̀rù ba Bọ́sẹ̀dé. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Òun nìkan ló mọ ohun tó ṣe.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò náà ló ní ẹni tó ń gbé ẹrù òkú wọn lọ sígbó. Nínú ẹbí Bọ́sẹ̀dé, àkọ́bí obìnrin ló ń ru ẹní tí òkú sùn lé, pẹ̀lú kànrìnkàn tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Á rù wọ́n lọ sí oríta ọ̀nà Banigbé, á gbé wọn sínú igbó, á sì wí pé: "Ẹ ti wẹ̀ tán. Ẹ máa lọ." Lọ́jọ́ tí Bọ́sẹ̀dé ru ti màmá rẹ̀, òjò dé bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n ń bọ̀ lábẹ́ agbòjò. Ojú tì í. Tíṣà, ọmọ ìjọ, tó tún ń ru ẹní òkú! Ló bá ti ẹrù náà bọ abẹ́ pẹpẹ, sínú àgbàrá. Omi á gbé e lọ, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó sọ fún ẹbí pé òun ti dé oríta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oorun gbé e lọ lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Ó rí màmá rẹ̀ tó jókòó sínú omi yàrá náà, ó kọ̀yìn sí i, bó ṣe máa ń jókòó nígbà tí Bọ́sẹ̀dé wà lọ́mọdé tó máa ń bá a fọ ẹ̀yìn. Inú yàrá mọ́lẹ̀ rekete, omi ò sì dún rárá. Màmá ò bínú. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀yìn mi ló kù, ọmọ mi," ló wí.

Bọ́sẹ̀dé jí. Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n kó tó mọ̀ pé òun ń sunkún. Ìgbà tó fẹ́ nu ojú ló rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń hó fún ọṣẹ, ọṣẹ dúdú tí màmá rẹ̀ máa ń fi wẹ̀, ó sì ń ta sánsán. Lóde, òjò ti ń ṣú láti ọ̀nà ibodè.

Ó sáré jáde bẹ́ẹ̀, ó ké sí Séraphin. Àwọn ará àdúgbò tú síta, Bàṣírù náà sì gbé asẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró.

"Iwájú ilé mi ló dí," ni Bọ́sẹ̀dé wí lójú gbogbo wọn. "Èmi ni mo dí i. Ẹní màmá mi ni mo tì bọ ibẹ̀. Bàṣírù, ẹ forí jì mí."

Bàṣírù wolẹ̀.

Séraphin fi irin gbé pẹpẹ náà. Ẹní náà há síbẹ̀ gbọingbọin, ọ̀rá àti àkísà gbogbo àdúgbò sì dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Bọ́sẹ̀dé wọ inú ẹrẹ̀, ó fà á títí tó fi já bọ́. Ọdún kan gbáko nínú omi, ẹní náà ò jẹrà. Ìgbà tó tú u, kànrìnkàn wà láàárín, ó ṣì ń hó. Séraphin fà sẹ́yìn, ó ya àmì àgbélébùú sí àyà. Omi dún lọ gbùgbù lábẹ́ ilẹ̀, omi yàrá màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Bọ́sẹ̀dé gbé ẹní náà rù, ẹrẹ̀ ń kán sí i lójú. Ó gba iwájú ilé ìwé kọjá, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ń wò ó. Ní oríta Banigbé, ó gbé e sínú igbó, ó kúnlẹ̀, ó fi kànrìnkàn náà fọ ẹ̀yìn ẹní láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ti wẹ̀ tán," ló wí. "Ẹ máa lọ, màmá mi."

Òjò ńlá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ògiri ò yẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ọwọ̀ màmá rẹ̀, ó ń gbá ojú àgbàrá lọ. Ó rí i pé omi ti kọjá iwájú ilé òun, ó sì ti lọ dúró síwájú ilé Bàṣírù, ó mọ́ gaara, kò ṣàn. Bàṣírù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sẹ́ gààrí. Marthe sọdá.

"Táńtí, mi ò rí màmá lónìí."

"Wọ́n ti lọ."

"Ah, d'accord." Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ títì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá wo wá ni ti Bàṣírù, èyí tó dúró tì í yẹn, tí ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún?"

Asẹ́ dákẹ́. Bàṣírù ò wẹ̀yìn. Ó dìde, ó wọlé, ó sì gbé ọkọ́ jáde. Ní ilé kejì sí tirẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ní ilé kẹta náà, ìyá arúgbó kan fa ṣọ́bìrì jáde, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè ohun tó ń wá lábẹ́ pẹpẹ tirẹ̀.