Ẹni Tó Ń Kí Irin ní Ìgúnpá

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Perpétue lóminú ni pé eṣinṣin kò bà lé oúnjẹ náà.

Àwo ìrẹsì àti ẹ̀wà kan ni. Wọ́n gbé e sórí òkúta lẹ́bàá ojú irin, wọn kò fi nǹkan kan bò ó, ọ̀sán sì ti pọ́n. Ní àwọn abúlé abẹ́ òkè Dassa wọ̀nyí, bí ènìyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò lásán, eṣinṣin á ti débẹ̀ ṣáájú ẹni tó fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n àwo yìí wà níbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi jẹun tán, tí wọ́n fọwọ́, tí wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́, eṣinṣin kan kò yà síbẹ̀. Èèrà pàápàá gba ẹ̀gbẹ́ òkúta náà kọjá, wọ́n ń bá tiwọn lọ.

"Ta ló ni èyí?" ni Perpétue bi wọ́n.

"Ti ọ̀gá yẹn ni," ni Séraphin dáhùn láìgbójú sókè. "Ẹ fi sílẹ̀ fún un, Tátà. Yóò padà dé láìpẹ́."

Perpétue, tí gbogbo wọn ń pè ní Tátà bí ẹni ń pe àǹtí, ka orí àwọn tó wà níbẹ̀. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, àwo mẹ́tàlélógún ló sì ti bù kí wọ́n tó ní kó bu ọ̀kan sí i. Ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré ni, nítorí bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn bá gbé òòlù sílẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń gbé. Nígbà tó ń lọ sílé, ó da oúnjẹ náà fún ajá kan lọ́nà. Ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó, kò jẹ ẹ́.

Ẹ má rò pé ìtàn ẹkún ni mo gbé kalẹ̀ o. Bí inú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe dùn lọ́dún náà, n kò mọ ìgbà tí mo tún rí irú rẹ̀. Ojú irin kékeré kan wà tó yà kúrò lára ti ńlá ní Dassa-Zoumè, tó gba àárín òkè lọ sí Akofodjoulè. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kó iṣu àti òwú jáde lóko. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọkọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀ kẹ́yìn. Igbó bò ó, àwọn kan tilẹ̀ hú irin rẹ̀, wọ́n fi ṣe òpó ilé ewúrẹ́. Àfi ìgbà tí Bàbá Fidèle, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé òun kò ní kú láìtún fọn fèrè ọkọ̀ létí àwọn ará Akofodjoulè. Wọ́n kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin àtijọ́ bá Fidèle wá láti Dassa. Àwọn oníṣòwò bá Ṣàkírù wá, ẹni tó ń ta irin àti ìṣó nínú ọjà. Àwọn àgbẹ̀ Akofodjoulè bá Séraphin wá. Wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń pààrọ̀ àwọn igi ìdábùú tí irin ń sùn lé, àwọn kan ń kọrin Màríà, àwọn kan ń kọrin Mùsùlùmí, ẹni tí kò mọ orin kankan ń pariwo. Àwọn tó hú irin pàápàá rù ú padà wá. Ewúrẹ́ nìkan ló pàdánù.

Perpétue ló ń dáná fún wọn. Àgbẹ̀ ni, opó ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Kì í ṣe ọkọ̀ lásán ló ń wá. Ignace, bàbá rẹ̀, ni wọ́n gbà láyé àtijọ́ láti máa rin ojú irin náà lójoojúmọ́, kó máa de nọ́ọ̀tì tó bá tú. Ibì kan wà lábẹ́ òkè tí ojú irin ti tẹ̀. Ìgúnpá ni gbogbo ènìyàn ń pe ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ṣubú nígbà tí Perpétue jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ní ọtí ni Ignace mu, kò de irin dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó mú òòlù rẹ̀, ó lọ sí Ìgúnpá, ẹnikẹ́ni kò sì tún fojú kàn án. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin. Ohun tó fi sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: bí okùn ewúrẹ́ bá tú ní Akofodjoulè, wọ́n á ní "iṣẹ́ Ignace" nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Perpétue fi ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn ún bí ẹni pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá lè gba Ìgúnpá kọjá láyọ̀, ẹnu wọn á pa mọ́.

Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ní kó bu àwo kan sí i. Ó gbé ṣíbí dúró.

"Ta ni ọ̀gá tí ẹ ń wí yìí gan-an?"

"Ṣé kì í ṣe èèyàn Bàbá Fidèle ni?" ni Séraphin wí. "Òun ló mọ iṣẹ́ jù nínú wa."

"Èèyàn mi kẹ̀?" ni Fidèle dáhùn. "Ẹ̀yin àgbẹ̀ lẹ mú un wá. Ará Aklampa ni mo pè é."

Àwọn méjèèjì yíjú sí Ṣàkírù. Ṣàkírù mi orí. "Wọ̀láì, n kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ṣáà rò pé tiyín ni."

Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti ń bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Kálukú gbà pé àlejò ẹnìkejì ni, ẹ̀kọ́ ilé kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi àlejò ẹlòmíràn ní orúkọ rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" ni Perpétue tún béèrè.

Fidèle rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun ló ń to irin Ìgúnpá. Níbẹ̀, irin ìta gbọ́dọ̀ ga ju ti inú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á ṣubú. Èmi, wíwa ọkọ̀ ni mo mọ̀, n kò mọ irin títò. Òun á fojú wò ó, á fi ìka méjì wọ̀n ọ́n, á ní ká gbé e sókè díẹ̀ sí i. Bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, kí o tó dé, ó ti gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ."

"Ó tún máa ń kí irin," ni Séraphin wí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bó bá dé láàárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, 'Ẹ kú àárọ̀ o, ará ọ̀tún. Ẹ kú àárọ̀ o, ará òsì. Ṣé ẹ sùn dáadáa?'"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Perpétue.

Láàárọ̀, kó tó lọ sílé-ìwé, ó máa ń bá bàbá rẹ̀ rin ojú irin díẹ̀. Bàbá náà á bẹ̀rẹ̀, á kí irin ọ̀tún, á kí irin òsì, á wá bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà pe òun ní wèrè. Perpétue kò sọ ọ́ rí. Ọkọ tó fẹ́ ẹ kú láìgbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ náà ló tó sọ ọ́ fún wọn.

Ṣàkírù ló mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́bàá aláìsàn.

"Tátà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti gbọ́ nípa àkúdàáyà. Àárín ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ni wọ́n ń gbé. Bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá yọ, wọ́n á lọ, ó di gbére. Mo rò pé ìdí tó fi ń lọ kí ẹ tó dé nìyẹn."

"Bàbá mi ni, Ṣàkírù."

"Mo gbọ́, Tátà. Ṣùgbọ́n Ìgúnpá kò tíì tán. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè tò ó."

Perpétue kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń wù ú kó sáré lọ síbẹ̀ ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kó rí ojú bàbá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan péré, kó pè é. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá á lọ, Ìgúnpá á wà ní àìtò, orúkọ burúkú náà á sì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn títí ayé. Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú ló tó pinnu pé òun kò ní débẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, abẹ́ igi máńgòrò kan ló ń gbé ẹrù oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ sí, Ṣàkírù á sì fi alùpùpù wá gbé e. Ó ń tètè wá, nígbà tí oòrùn kò tíì ga, ó ń kọ ẹ̀yìn sí Ìgúnpá, ó ń gbọ́ òòlù. Ẹ̀ẹ̀mẹta, á dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta, á dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé ẹ̀rín náà wá. Perpétue mọ̀ ọ́n. Ó fi ìborùn bo ẹnu, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ èwo ni òun ń ṣe nínú ẹkún àti ẹ̀rín.

Ẹ ó bi mí pé ṣé ẹ̀rù kò ba àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn? Wọ́n ń kí i, wọ́n ń gbé ohun tó bá ní kí wọ́n gbé, wọn kì í sì í dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní Àbámẹ́ta keje lẹ́yìn ìpinnu Perpétue, wọ́n so irin tó kù pọ̀. Ọkùnrin náà fi òòlù kan ojú ìsopọ̀, ó tẹ́tí sí i, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. Séraphin ní ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù.

Ọjọ́ ìṣíde dé. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ti tún orí ọkọ̀ kan ṣe, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n so ilé ọkọ̀ kan mọ́ ọn tó ní àga onígi. Àwọn ènìyàn wá láti Dassa, wọ́n wá láti Aklampa. Àwọn onízémìjàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí ọkọ̀ náà máa gba èrò lọ́wọ́ wọn, pàápàá ń jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fidèle fọn fèrè pé kí wọ́n wọlé, àwọn ará Akofodjoulè dúró sílẹ̀. Ìgúnpá ń bẹ níwájú, olúkúlùkù sì ń wo ẹnìkejì.

Perpétue ló kọ́kọ́ gòkè. Ó jókòó lójú fèrèsé, lápá òkè. Ojú ti Séraphin, ó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ti ara wọn láti rí ibi jókòó.

"Tátà," ni Ṣàkírù sọ sí i létí, "bí a bá dé ibẹ̀, ẹ di ojú yín."

"Iṣẹ́ ti parí," ni Perpétue dáhùn. "Mo fẹ́ kó rí mi kó tó lọ."

Wọ́n ń kọrin títí òkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ojú irin. Nígbà náà ni orin rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì tán. Fidèle rẹ ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀ títí tó fi ń lọ bí ẹni tó ń rin ẹsẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bí táyà irin ṣe ń ha irin. Ọkọ̀ náà tẹ̀ sínú jẹ́jẹ́, bí ìyá tó fẹ́ gbé ọmọ nílẹ̀, kò sì mì.

Ó wà níbẹ̀. Ó dé àkẹtẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kò dàgbà sí i. Ọkùnrin ogójì ọdún ni, àbúrò ni ì bá jẹ́ fún un. Perpétue kò di ojú. Ó ń retí kó pòórá.

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó ṣí àkẹtẹ̀, ó tẹrí ba bí a ti ń ṣe fún àgbà.

"Ẹ kú ìrìn o, Màmá," ni ó wí. "Ṣé kò mì yín?"

"Kò mì wá rárá," ni Perpétue dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá fèrèsé náà rìn lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, bí ẹ bá rí ọmọbìnrin kékeré kan lójú ọ̀nà, ọmọ mi ni. Òun ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán mi bọ̀. Gbogbo ìgbà tí ọ̀sán bá pọ́n ni mo ń lọ pàdé rẹ̀, n kì í bá a. Ẹ ní kó má bẹ̀rù, kó máa bọ̀."

Kò sá fún un rí. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn tí wọ́n ní ó ti gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ, òun ló ń lọ pàdé. Ojú ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń wá, kò mọ ojú ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tó ń wò ó yìí. Orúkọ ara rẹ̀ wà lórí ahọ́n Perpétue. Bó bá sọ ọ́, bàbá á mọ̀ ọ́n, á sì lọ pẹ̀lú ebi nínú. Ó gbé e mì.

"Ó ń bọ̀," ni ó wí. "Kò jìnnà mọ́."

"Ẹ ṣé o, Màmá." Ó dúró, ọkọ̀ sì kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde ní Ìgúnpá, ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ra wọn, Fidèle ń fọn fèrè láìdáwọ́ dúró. Séraphin bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ láàárín àga níwájú Perpétue. "Tátà," ni ó wí, "a ṣẹ bàbá yín. Ẹ foríjì wá."

Perpétue gbé ọwọ́ lé e léjìká, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń wò. Ọmọbìnrin kékeré kan ti yọ láti inú koríko lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, nínú aṣọ kakí ilé-ìwé, ó ru àwo tí wọ́n fi aṣọ bò. Ọkùnrin náà sáré lọ pàdé rẹ̀, ó sọ̀ ọ́.

"Kí lẹ ń wò?" ni Ṣàkírù béèrè. "Ọkùnrin yẹn nìkan ni mo rí."

Ohun kan tó ti gbàgbé láti kékeré padà sí Perpétue lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ lọ, òun ló gbé oúnjẹ lọ bá a ní Ìgúnpá. Irin ti já nígbà náà, ọkọ̀ kankan kò lè gba ibẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan kọjá lójú rẹ̀, tó kún fún ariwo ayọ̀, bàbá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "Ó kọjá. Ṣé o rí i? Ó kọjá." Ó sọ ọ́ nílé, wọ́n ní ibà ló ń ṣe é, nígbà tó yá òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Màmá kan wà lójú fèrèsé ọkọ̀ náà, tó ń wẹ̀yìn, tí omijé kún ojú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó juwọ́ sí i.

Lábẹ́ òkè, ọmọbìnrin kékeré náà gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́. Perpétue rántí pé màmá náà juwọ́ padà. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó juwọ́ padà.