Eyín Ìyá Aránṣọ

"Ẹ ya ẹnu díẹ̀ sí i, mà," ni Eyínfúnjowó wí, ó sì rọra ti ọ̀pá tó ń fa itọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ìyá aránṣọ tó nà gbalaja sórí àga. Dókítà eyín tẹ̀ba lé ẹnu náà, ó ń fi ìbòrí onígbà díẹ̀ bo eyín iwájú tó ti kán. Aránṣọ di apá àga mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwú ló ba eyín náà jẹ́. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń fi eyín já òwú, bí àlùmọ́gàjí tilẹ̀ wà nítòsí. Ojú kan náà ni òwú ń gbà kọjá, títí tó fi gbẹ́ kòtò kékeré sí etí eyín. Nígbà tó yá, eyín kán níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí tó fi ń ṣe fáàrí. Láti ìgbà náà ló ti ń fọwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ dókítà ni pé kó má ṣe dí èjí òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Eyínfúnjowó jẹ́. Màmá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé eyín ọmọ náà funfun, ó sì tò rẹ́gí. Iwájú ni gbogbo ènìyàn ń wò, kò sẹ́ni tó bẹ ẹ̀yìn wò. Nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà eyín, wọ́n ní orúkọ ti ro ó. Kíníìkì dókítà yìí ni wọ́n fi í sí láti máa fọwọ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, ìpolówó ọjà lórí ayélujára ni tirẹ̀. Màmá wọn a máa ṣàwàdà pé ọmọ méjì lòun bí: ọ̀kan ń wo ẹnu ẹlẹ́nu, èkejì kò jẹ́ kí ẹnu tirẹ̀ sinmi.

Lọ́jọ́ yẹn, kámẹ́rà kíníìkì kò ṣiṣẹ́. Dókítà ní kí Eyínfúnjowó fi fóònù rẹ̀ ya eyín náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, kó gbé fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà, kó sì pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà lóòótọ́. Pípa rẹ́ ló gbàgbé.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ìdààmú. Olùkọ́ ti ní kí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan wá iléeṣẹ́ kan polówó, bí àwọn ènìyàn bá ṣe dáhùn sí ìpolówó náà ni máàkì yóò ṣe pọ̀ tó. Dókítà ti gbà kó polówó kíníìkì òun, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ń gbé síta, àfi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ògiri. Bó ṣe rí fọ́tò lórí fóònù àbúrò rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ yá gágá, ó ní kó fún òun lò.

Eyínfúnjowó ní kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíníìkì ni dókítà ti kìlọ̀ pé ohun tí a bá rí lẹ́nu ènìyàn, ibẹ̀ la ń fi í sílẹ̀.

"Gé ojú rẹ̀ kúrò," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kó ku ẹnu nìkan. Ta ló ń fi eyín dá ènìyàn mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ ọ ní ìṣirò títí tó fi yege ìdánwò àbáwọlé, ojú sì ń tì í láti kọ̀ fún un. Ká má purọ́, ó wu òun náà kí ayé rí iṣẹ́ tó lọ́wọ́ sí. Ó gé imú kúrò, ó gé àgbọ̀n kúrò, ó ku ètè àti eyín. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, ìyẹn sì gbé e sórí ayélujára.

Wọ́n gbàgbé ohun kan. Bí aránṣọ yìí bá ń wọn aṣọ síni lára, ètè ló fi ń di àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké tó fi ń há aṣọ mú. Ìdajì àdúgbò ti dúró ṣinṣin níwájú ẹnu yẹn, tí wọn ò gbọdọ̀ mira kí abẹ́rẹ́ má baà gún wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ṣé kì í ṣe eyín ìyá aránṣọ nìyí. Ẹlòmíràn ní èjí yẹn kò ṣeé purọ́ fún. Ẹnìkan tilẹ̀ béèrè bóyá aṣọ oníbàárà ló ń jẹ. Ẹ̀rín gba orí ayélujára kan. Inú ẹ̀gbọ́n ń dùn, àwọn ènìyàn ń dáhùn. Àwọn ọmọdé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n ń ní kó rẹ́rìn-ín káwọn wò ó.

Ọjọ́ tí dókítà dá fún un pé, aránṣọ kò yọjú. Wọ́n pè é, kò gbé fóònù. Dókítà mú àpótí kékeré kan lórí pẹpẹ, ìbòrí tí yóò wà títí lọ ló wà nínú rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní èyí tó wà lẹ́nu aránṣọ kì í tọ́jọ́. Bó bá ṣí, tí ìdọ̀tí wọ gbòǹgbò, yíyọ ló kù tí wọn yóò yọ eyín náà. Kò mọ ohun tó lé obìnrin náà sá. Ẹni tó mọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fọ́tò kò yàtọ̀. Eyínfúnjowó sáré délé, ó ní kí ẹ̀gbọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀gbọ́n ní kó fún òun ní sùúrù díẹ̀, kí olùkọ́ ka iye ènìyàn ná.

"Bí wọ́n bá yọ eyín obìnrin yẹn," ni Eyínfúnjowó wí, "ṣé máàkì rẹ ló máa fi jẹun?"

Ẹ̀gbọ́n mú fóònù. Ẹnu tí kì í sinmi sinmi. Ó yọ fọ́tò náà.

Lówùúrọ̀, Eyínfúnjowó jẹ́wọ́ fún dókítà. Dókítà kò pariwo, èyí tó dun ọmọ náà ju igbe lọ. Ó ní ọmọ náà kò ní dúró ti àga mọ́ títí ẹni tó ni eyín yóò fi sọ pé kó padà, irinṣẹ́ ni yóò máa fọ̀. Bí kò bá sì dúró ti àga, kò lè gba ìwé ẹ̀rí. "Má lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí ìwé ẹ̀rí," ni dókítà wí. "Eyín rẹ̀ ni kó o tìtorí ẹ̀ lọ."

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣàlàyé, wọn ò fi nǹkan kan pamọ́, wọ́n sì sọ ewu tó wà fún eyín náà. Aránṣọ ń tẹ ẹ̀rọ lọ ní tirẹ̀, ètè rẹ̀ pa dé. Nígbà tó parí ìlà tó ń rán, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó yí iná ara ẹ̀rọ kọjú sí wọn.

"Ẹ ya ẹnu."

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ yà á. Aránṣọ wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, òógùn bo ọkùnrin náà. Ó wá kan Eyínfúnjowó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé eyín kan ti dúdú lẹ́yìn pátápátá, tí ìbẹ̀rù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín kò jẹ́ kó tọ́jú. Òun tí ń sọ fún ẹlòmíràn pé kò ní dùn wọ́n. Ó ya ẹnu, ojú tì í débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Aránṣọ rí i. Ó sì pa iná.

"Mo ti rí i," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Kò bú wọn, kò sì lé wọn. Gbólóhùn yẹn nìkan tó. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àjákù aṣọ, àbúrò ń sunkún, aránṣọ sì ti ń wá bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí kíníìkì.

Wọ́n fi ìbòrí tòótọ́ bo eyín náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, èjí sì wà níbẹ̀ digbí. Kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, aránṣọ gbórí sókè, ó ní ọmọ yẹn ni kó wá di ọ̀pá itọ́ mú. Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́rùn aránṣọ báyìí, ó so okùn mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́ fún olùkọ́, ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán àga tó ṣófo ló lò, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun tí a bá rí lẹ́nu yín, ẹnu yín ló ń kù sí. Ìwọ̀nba ènìyàn ló rí i, máàkì rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí i wá sí kíníìkì, pàápàá àwọn tó ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Eyínfúnjowó náà nà sórí àga nígbà tó yá. Nígbà tí dókítà ní kó ya ẹnu, ó rántí iná ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì yà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ènìyàn fi hàn wá nítorí pé ó nílò wa, kì í ṣe tiwa láti fi han ayé.