Ohùn Jostein Nínú Bọ́ọ̀sì Pupa

"Fi ọwọ́ lé ọ̀fun rẹ," ni Solfrid wí. "Ìró 'z' Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n níbẹ̀ bí ìgbà tí oyin ń kùn. Bí kò bá gbọ̀n, èdè Nọ́wè lo ṣì ń sọ."

Jostein fi ọwọ́ lé ọ̀fun, ó dijú, ó ń kùn títí itọ́ fi ta sórí tábìlì. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ilé ìdáná ìyá Jostein ni wọ́n jókòó sí, ní abúlé apẹja kan ní àríwá. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì kò yọ Jostein lẹ́nu mọ́, ìró ọ̀rọ̀ ló kù. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò àfẹnusọ. Bó bá tún fìdí rẹmi, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun kò ní gbà á, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé ìdí iṣẹ́ ẹja ni yóò wá nìyẹn. Solfrid ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì dá ṣáká lẹ́nu, ló ń kọ́ ọ.

"Jẹ́ kí n gba ohùn rẹ sórí fóònù, kí o lè gbọ́ àṣìṣe rẹ."

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ o."

"Ta ni mo fẹ́ fún gbọ́?"

Oṣù karùn-ún ni, ìgbà tí àwọn tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ ń wọ ṣòkòtò pupa kiri láìfọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbé bọ́ọ̀sì pupa kiri ṣe fàájì. Ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹgbẹ́ fi pè é níjà, wọ́n á ta kókó sí okùn fìlà rẹ̀. Okùn ti Solfrid kò ní kókó kankan.

"Ìyáàfin Gẹ̀ẹ́sì!" Vetle, olórí bọ́ọ̀sì wọn, ló pè é bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní ò ń kọ́ Jostein bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Mú ohùn ẹ̀ wá ká gbọ́! Àbí o rò pé o ju wa lọ ni?"

Nílùú wọn, kò sí èébú tó ta èèyàn lára tó ìyẹn. Solfrid mọ̀ dájú pé ohun tí wọ́n ń béèrè kò dára. Síbẹ̀, ó na fóònù sí i.

Ní ọjọ́ kejì, ohùn Jostein ń bú jáde nínú sípíkà bọ́ọ̀sì, wọ́n ti fi orin sí i, gbogbo wọn ń fò sókè, wọ́n ń kùn. Solfrid náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló rí Jostein létí ọ̀nà, tó dúró sójú kan. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Solfrid.

Láti ọjọ́ náà, bí Jostein bá ń kọjá, àwọn ọmọ kéékèèké a máa kùn tẹ̀lé e. Solfrid lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ìyá Jostein ló ṣí i.

"Kò fẹ́ rí ẹ. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nínú ilé mi, Solfrid! Búrẹ́dì mi lo sì ń jẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ—"

Ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Solfrid jókòó síta yàrá náà. Ó gbọ́ tí olùdánwò béèrè ìbéèrè jẹ́jẹ́, tó tún un béèrè, tó tún fi sùúrù tún un béèrè. Kò gbọ́ ìdáhùn kankan. Nígbà tí Jostein jáde, ó dúró níwájú Solfrid.

"Mo mọ gbogbo ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, bọ́ọ̀sì yín ni mò ń gbọ́."

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, Solfrid ń lọ sí yunifásítì ní gúúsù, Gẹ̀ẹ́sì náà ló fẹ́ kọ́. Ó yà ní èbúté. Jostein ń la inú ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Jostein, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Kò gbójú sókè. "Mo ti dárí jì ẹ́. Máa lọ, ọkọ̀ ẹ á fi ẹ́ sílẹ̀."

Ìdáríjì náà dun Solfrid ju èébú lọ, torí kò dá ohunkóhun padà fún Jostein. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún òun ti fi ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ má fi í ra ìyìn ẹgbẹ́. Solfrid gba máàkì tó ga jù nípa ìró ọ̀rọ̀ lọ́dún náà. Nínú gbogbo àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó tún pè é.