Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Pa Ọmọ Láwàlì

Kí àwọn tó lọ kírun àárọ̀ tó padà sílé, ọmọ Láwàlì ti kú. Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò ni, tí gbogbo ojúlé máa ń gbà gbé. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó mú. Ìyá Láwàlì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní:

"Mo mọ ẹni tó jẹ ọmọ-ọmọ mi. Obìnrin tó gbé wa lọ sí kóòtù lójú ọ̀sán, òun náà ló gbé wa lọ sí ìpàdé wọn lóru."

Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo Owódé ló mọ̀ pé Bùsírátù ló ń bá wí.

Bùsírátù ni Láwàlì kọ́kọ́ fẹ́ kó tó ti ẹrù rẹ̀ síta, tó gbé Adépéjú wọlé. Bùsírátù padà sílé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú Sìlífátù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó ń ta kẹrosíìnì nígò-nígò. Láwàlì ò ra aṣọ ọdún fún ọmọ náà rí. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí owó ilé ìwé tún padà dé, wọ́n lé Sìlífátù wálé láti ilé ìwé. Ni Bùsírátù bá pe Láwàlì lẹ́jọ́ sí kóòtù ìbílẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni Láwàlì fi ń kó pákó lọ sí Èkó. Níwájú adájọ́, ó dọ̀bálẹ̀: "Olúwa mi, awakọ̀ lásán ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọkọ̀." Ẹ̀gbọ́n náà sì jẹ́rìí sí i. Adájọ́ ṣì pàṣẹ pé kó máa gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù fa Bùsírátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Sìlífá, ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni, à bá máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ibo la ó ti yọ ọ́? Ẹ máa rọra bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lọmọ kú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òwìwí bà lé òrùlé ìyá Bùsírátù, ó ké. Ọkùnrin kan tó ń toko bọ̀ rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹyẹ kan ti di mẹ́ta lẹ́nu aráyé, wọ́n ní ọ̀kan ń fọhùn bíi Bùsírátù. Kò sẹ́ni tó ra kẹrosíìnì rẹ̀ mọ́. Tó bá ń kọjá, àwọn obìnrin a fa ọmọ wọn mọ́ra. Ohun tó wá bà á lẹ́rù jù ni pé lọ́jọ́ tí Láwàlì purọ́ ní kóòtù, Bùsírátù ṣépè fún un nínú ọkàn pé ohun tó fẹ́ràn jù á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé: àbí mo ń lọ sí ìpàdé wọn lóru tí n kò mọ̀?

Síbẹ̀, ọmọ ní láti jẹun. Ó lọ bá Láwàlì níbi tí wọ́n ti ń lagi.

"Bàbá Sìlífá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ò lọ ilé ìwé mọ́."

"O láyà o! O pa ọmọ mi, o jẹ òwò mi, o tún wá gba owó oúnjẹ. Ta ló ń bọ́ àjẹ́?"

Àwọn tó ń di ẹrù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Láwàlì, pákó kún ọkọ̀ títí táyà fi fẹ́ rì.

Nígbà tí wọ́n sọ òkò sílé ìyá Bùsírátù, Alfa Sàlàhúdíìnì, àgbà àdúgbò, pe ìdílé méjèèjì síwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní kí Bùsírátù fi Kùránì búra. Bùsírátù na ọwọ́, ṣùgbọ́n èpè yẹn sọ sí i lọ́kàn, ó fa ọwọ́ náà padà.

"Ẹ wò ó!" ìyá Láwàlì pariwo. "Ẹ wo ọwọ́ ìkà!"

"Ẹ má jẹ́ kó búra." Adépéjú, ìyá ọmọ tó kú, ló sọ̀rọ̀. "Ibà ló pa ọmọ mi. Ara rẹ̀ gbóná títí gìrì fi gbé e. Mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi fún owó ọsibítù, ó ní iṣẹ́ ò lọ. Ọjọ́ yẹn ló ra táyà tuntun. Màmá, ṣebí ẹ wà níbẹ̀?"

Ìyá Láwàlì wolẹ̀. Ó dìde, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

"Ọwọ́ Bùsírátù mọ́," ni Alfa wí.

Àwọn èèyàn wá tọrọ àforíjì, wọ́n tún ń ra kẹrosíìnì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Láwàlì lé Adépéjú jáde, ó kó ọkọ̀ méjèèjì lọ. Àwọn kan ní Kàdúná ló wà, àwọn kan ní Kùtọnù. Akọ̀wé kóòtù ní kí Bùsírátù kọ́kọ́ wá ibi tó wà kí àwọn tó lè pè é. Ẹ̀gbọ́n Láwàlì ní òun ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan Adépéjú wá béèrè ọ̀nà kóòtù, oyún mìíràn ti yọ lára rẹ̀. Bùsírátù júwe ọ̀nà fún un, kò sì lè sọ ohun tí ojú òun rí níbẹ̀.

Nígbà tó yá, owó kẹrosíìnì ò tó bọ́ ẹni méjì. Bùsírátù mú Sìlífátù lọ sí Òkè-Ìléwó, kó lọ máa bá Màmá Harriet, ìyàwó òṣìṣẹ́ báńkì kan, tọ́jú ọmọ. Nínú ọkọ̀, ọmọ náà bi í pé:

"Màámi, ṣé wọ́n ti sọ fún bàbá mi pé ẹ kì í ṣe àjẹ́?"

"Wọn ò ní láti sọ fún un," Bùsírátù dáhùn. "Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."