Ìṣó Kan fún Àwa Méjì

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ìyàwó mi kú. Ìjà wa kò tíì parí.

Ilé iṣẹ́ àga ni a ti pàdé. Irú òṣìṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àwa olóṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwa ni òpó ilé iṣẹ́. Àwọn yòókù jẹ́ àpèwá: bí iṣẹ́ bá ya dé, wọ́n á ránṣẹ́ pè wọ́n, bí ó bá tán, ó di gbére. Olóṣù kọ̀ọ̀kan ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, tí ó ń fi irinṣẹ́ kọ́. Àpèwá kò ní. Ohun tí ó bá gbé wá láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé e lọ nírọ̀lẹ́.

Káfíńtà olóṣù ni mí. Òun ń rán aṣọ àga, àpèwá ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ń gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí.

"Àbúrò, ta lò ń bá jà?"

"Àpò yìí ni, ọ̀gá. Ó ń gùn mí lọ, ó ń gùn mí bọ̀, kò sì fún mi ní koríko jẹ rí."

Mo rẹ́rìn-ín. N kì í sábà rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Mo ní kí ó fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ kọ́ ìṣó mi, lábẹ́ òòlù mi, kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́.

"Bí wọ́n bá rí i ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá bi mí."

Bí mo ṣe dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ nìyẹn. Èmi ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ìyá mi kò fẹ́. "Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń wá, tó ń lọ bí ibà? Ṣé ìwọ nìkan ni wàá máa bọ́ ilé?"

"Ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ ló rán aṣọ àga tí ẹ jókòó lé."

Ìyá mi fọwọ́ pa àga náà. A ṣègbéyàwó.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀gá àgbà pè wá jọ. Ó ní ọjà kò dúró sójú kan mọ́, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè fẹ̀, kí ó sì lè súnkì. Olóṣù á dín kù, àpèwá á pọ̀ sí i. Olóṣù tí ó bá kù ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yan àwọn tí wọ́n máa pè. Ní ẹ̀ka wa, níbi tí káfíńtà àti aránṣọ àga jọ wà, àyè olóṣù kan ló kù: kí n dúró síbẹ̀, tàbí kí ìyàwó mi di olóṣù, kí èmi sì di àpèwá. Ó ní kí a lọ rò ó nílé.

Nílé, ìyàwó mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ ra èjìká rẹ̀. Èjìká náà ni mo wò tí mo fi sọ̀rọ̀.

"Ìwọ gbà á. Ẹrù náà ti tó."

"Adé orí mi, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ìwọ ni wàá máa pè mí."

Ó sunkún. "Ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ pè, títí ọjọ́ ikú mi. Òòlù yín ò sì ní kúrò lórí ìṣó." Ó rán okùn awọ kan, ó fi gbé òòlù mi kọ́ sábẹ́ àlùmọ́gàjí rẹ̀, lórí ìṣó tí ó ti di tirẹ̀.

Ó pè mí lóòótọ́, fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, mò ń gbọ́ pé iṣẹ́ pọ̀, èmi sì wà nílé, mò ń tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe. Ọ̀dọ́ káfíńtà kan, àpèwá bí èmi, ni ìyàwó mi ń pè. Ayára ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi gbé òòlù mi wálé. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lé orí tábìlì.

"Kí lèyí?"

"Òfin ni. Àpèwá kì í fi irinṣẹ́ sílẹ̀."

"Ṣé òní ni wọ́n ṣe òfin náà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú ń wò mí. Wọ́n ní mò ń ṣe ojúsàájú. Ọwọ́ Ayára sì yá ju tiyín lọ, ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Aṣọ tí ó fi wé e ló dùn mí, bí ẹrù tí a ń dá padà fún àlejò.

"O dà mí," ni mo sọ.

"Iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ilé ọ̀tọ̀, ọkọ mi."

"N kò yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí mo fún ọ ní ìṣó mi."

Láti ọjọ́ náà, a ń kíra káàárọ̀, a ń jẹun pọ̀, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mò ń dúró kí ó bẹ̀ mí. Níbi iṣẹ́ ni àyà ti dùn ún lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, kò sì padà wálé.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ọgbẹ́ náà jiná.

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kó ẹrù rẹ̀, ẹlòmíràn fẹ́ lo ìṣó náà. Mo lọ. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

Àlùmọ́gàjí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

Téèpù ìwọnṣọ.

Ìborí tí ó máa ń wé nítorí eruku.

Abẹ́rẹ́ ńlá kan, okùn wà lójú rẹ̀.

Okùn awọ tí ó rán fún òòlù mi.

Òòlù kan nínú okùn náà. Ti Ayára ni.