Ẹ̀dà Tó Gùn Ju Ojúlówó Lọ

Láti ọdún tí Àǹtí Fídíò ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò tíì rí i kí ẹ̀dà gùn ju ojúlówó lọ. Ó lè kúrú. Ó lè dá láàárín. Àwòrán lè máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Àmọ́ kí ó gùn sí i? Ó nu ojú, ó tún wo ìsàlẹ̀ fídíò náà. Ojúlówó: ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ̀dà: ìṣẹ́jú méje.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba fídíò àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà òde òní kò gbà mọ́, kí ó sọ ọ́ di irú èyí tí wọ́n ń gbà. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé fídíò dà bí arúgbó tó ń sọ èdè tí àwọn ọmọ kò gbọ́ mọ́. Bí a kò bá tètè wá ògbufọ̀ fún un, á kú tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tó fi tọ́jú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan sí igun yàrá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

Aránṣọ kan ló gbé àwo tí wọ́n gba fídíò náà sí wá, àwo kékeré tó rí roboto. Inú agolo bọ́tìnnì rẹ̀ ló ti rí i, agolo tó ń ṣí lójoojúmọ́ ayé. Wọ́n fi bírò kọ "Fún ọmọ mi" sí i lára. Ọmọ ọdún méje ni aránṣọ yìí nígbà tí wọ́n ní bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò, tí bàbá kò sì padà mọ́. Àbúrò bàbá náà, bíríkìlà tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ló tọ́ ọ dàgbà, ló fi í sẹ́nu iṣẹ́. Kò sì fi ìyà kankan jẹ ẹ́ rí.

"Mi ò rántí ohùn bàbá mi mọ́, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é."

Lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ wò ó. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jókòó nínú yàrá tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀, ó ń fi eyín ọmọ rẹ̀ tó ti yọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Àwòrán kú. Aránṣọ sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló padà wá gba ẹ̀dà, oòrùn sì ta yẹ̀rì lójú fèrèsé. Àǹtí Fídíò kò fẹ́ fi ohun tó rí pa mọ́ fún un. Ó ṣí i. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́fà, àwòrán kò kú. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni fídíò tó dúró.

"Ṣé èyí wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí?" aránṣọ bèèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀, àbúrò mi. Ojú wa méjèèjì ló ṣe."

Ó pa ẹ̀dà náà rẹ́, ó fi sọ́fítíwìà mìíràn ṣe òmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ọkùnrin náà ti dìde, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Òjìji ṣọ́bìrì hàn lára búlọ́ọ̀kù.

"Àbúrò mi, gbé e sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá," ni ọkùnrin inú fídíò náà bẹ̀bẹ̀.

Àǹtí Fídíò kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ fa wáyà iná yọ. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Àwòrán kò kú. Ọkùnrin náà rìn wá títí ojú rẹ̀ fi kún gíláàsì kọ̀ǹpútà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní etí rẹ̀, ó sì wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń wo ènìyàn lójú fèrèsé.

"Ọmọ mi," ló wí. "Ẹ̀yìn ibi tí o ń jókòó ránṣọ ni mo wà."

Ìgbà náà ni gíláàsì tó ṣókùnkùn.

Aránṣọ di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ògiri tó wà lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀ nínú yàrá ìránṣọ, nínú ilé bàbá rẹ̀, nípọn ju àwọn yòókù lọ. Lọ́dọọdún ni Bàbá Kékeré ń wá fi ọ̀dà kun ún, òun nìkan, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí i.

"Ẹ pe ọlọ́pàá," ló wí.

"Bàbá tó tọ́ ẹ dàgbà ńkọ́?"

"Òun náà ni. Ẹ pè wọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fọ́ ògiri. Ìgbà kẹrin tí òòlù bà á ni ṣẹ́ẹ̀tì funfun yọjú, egungun sì wà nínú rẹ̀. Bàbá Kékeré kò sá. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta, ó jẹ́wọ́ pé ìjà lórí ẹni tó ni ilé náà ló mú kí òun pa ẹ̀gbọ́n òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àfìgbà tí ọlọ́pàá sọ fún un pé fídíò ọjọ́ náà ló tú u fó ló tó gbé orí sókè.

"Fídíò wo?"

"Èyí tí bàbá mi ṣe," aránṣọ wí. "Ó wà nínú àwo."

Bàbá Kékeré dìde. "Irọ́ ni. Kámẹ́rà tó fi ń ya fídíò náà wà lórí àga níbi tí mo ti lù ú. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi jó o, tòun ti àwo inú rẹ̀. Mo po eérú rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì tí mo fi mọ ògiri yẹn."

Ọlọ́pàá wo àpò ike tí àwo kékeré náà wà nínú rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, bí ẹni tí iná ń jó lọ́wọ́, ó sì sún sẹ́yìn.