Ta Ló Kó Òkúta Etí Omi?

Ìyàwó àbúrò mi tó ń gbálẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń bùmọ́ ọ̀rọ̀.

Opó kan ló wọlé wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti jí etí omi mi kó."

Àwọn ọlọ́pàá tó wà ní káńtà bú sẹ́rìn-ín. Inspẹ́kítọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kì í gbé ohùn sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí àwọn olè ìlú sùn.

"Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń jí etí omi?"

"Ẹ wá fojú ara yín rí i."

Etí adágún ni ilé obìnrin náà wà. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló to òkúta ńláńlá sí bèbè kí ìgbì má baà jẹ ilẹ̀ wọn. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó, ìgbà tó máa fi dé, òkúta ti di àwátì. Bèbè ti ya, ògiri ilé ìdáná sì ti là. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti wá sọ fún un pé bí ohunkóhun ò bá di bèbè náà mú kí òjò tó dé, àwọn máa wó ilé náà kó tó pa èèyàn.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ilé tirẹ̀ ló tẹ̀ lé ti obìnrin náà, òun náà ló sì ní afárá pákó tuntun tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Ìjì jà, omi kó òkúta lọ. Ìyàwó, ìwọ náà gbọ́ràn. Kẹ́rù ẹ, kó o fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹbí."

"Adúmáadán, mi ò kẹ́rù lọ síbì kankan." Orúkọ tó sọ ọ́ nígbà tó wọlé ọkọ ló ṣì fi ń pè é. "Bí wọ́n bá fẹ́ wó o, kí wọ́n wó o mọ́ mi lórí. Ẹ ó wá wa òkú mi jáde."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ká ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ omi. Ó fọwọ́ kan aṣọ dúdú líle tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ òkúta kí omi má baà fa yẹ̀pẹ̀ jáde. Aṣọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ká, kò ya. Ó jáde nínú omi.

Láti ibẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó máa ń kan afárá fún gbogbo àwọn onílé etí adágún.

"Ìwọ lo bá wọn to òkúta yẹn?"

"Èmi àti olóògbé ni, sà. Ẹ̀yìn mi ò tíì dárí jì mí títí dòní."

"Ìwọ kọ́ lo wá kó o padà?"

"Kí n kó o ṣe kí ni, sà? Ṣé kí n fi sebẹ̀ ni?"

Inspẹ́kítọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Afárá tuntun Adúmáadán ńkọ́?"

"Èmi ni mo kàn án. Àpótí pákó ńlá ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀ lábẹ́ omi. Òkúta ni wọ́n máa ń kó kún inú ẹ̀ kí ìgbì má baà tì í. Ó ní òun á ra òkúta fúnra òun, kí n lọ sinmi. Ta ló máa ní kí n sinmi tí mi ò ní sinmi?"

Lọ́jọ́ kejì, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pe gbogbo wọn sórí afárá náà.

"Ọ̀gá, níbo lẹ ti ra òkúta tó wà nísàlẹ̀ yìí?"

"Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Tuntun ni gbogbo ẹ̀."

Inspẹ́kítọ̀ ní kí káfíńtà ṣí pákó kan. Àwọn ọlọ́pàá méjì ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n gbé òkúta kan jáde, wọ́n yí i padà. Koríko omi yíyọ̀ bo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìjì tó lè gbé irú òkúta yìí," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ, "aṣọ abẹ́ ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fà ya. Aṣọ ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni tẹ́ ibùsùn. Ọwọ́ èèyàn ló gbé òkúta kúrò. Mo sì wo koríko yìí. Kì í hù níbi tí oòrùn ò dé, ìsàlẹ̀ ló sì kọjú sí nínú òkùnkùn àpótí yín. Ibòmíì ló ti hù. Mo ti rìn yí adágún yìí ká, bèbè kan ṣoṣo ni òkúta ti pòórá."

Adúmáadán gbaná jẹ. "Òkúta ẹ̀gbọ́n mi ni! Ṣé téèyàn bá mú ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní, olè ló jà?"

"Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ò bá gbé ẹyọ òkúta kan nígbà tó wà láyé?" opó náà bi í.

Ìgbà tí ọlọ́pàá mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde ni ohùn ọkùnrin náà tó rọ̀. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọlé wọn, kò pè é ní 'ẹ' rí.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ ti dárí jì mí. Tí òjò bá ti kọjá, màá tún tiyín ṣe."

"Tí òjò bá ti kọjá? Ilé mi á ti wà nínú omi nígbà yẹn! Inspẹ́kítọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò dárí ji ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ti ya fọ́tò ẹ̀rí yín tán, káfíńtà á tú àpótí yìí. Òkúta mi ń padà sílé."

Káfíńtà họrí. "Màmá, afárá yìí á wó o."

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọ lé òkúta mi lórí?"

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, ó wá èyí tí apá rẹ̀ ká nínú àwọn òkúta náà, ó gbá a mọ́yà pẹ̀lú omi tó ń ro lára rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ilé rẹ̀ pọ̀n. Adúmáadán ń ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìyàwó wa! Ìyàwó wa o!"

Kò wẹ̀yìn.